Ẹ̀rọ ló ń kọ lẹ́tà, èmi ni mò ń fọwọ́ sí i

Bí ẹ bá ń ṣe dókítà ní Ìlú Ọba, lẹ́tà ni yóò kọ́kọ́ dá yín lágara, kì í ṣe aláìsàn. Nígbà tí mo ṣì wà nílé, ní Ìbàdàn, inú fáìlì la máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Dókítà tó bá tún máa rí aláìsàn náà á ṣí fáìlì, á ka ohun tí a kọ bí ìkọ̀wé wa bá ṣeé kà, iṣẹ́ á sì máa lọ. Níbí, gbogbo ìgbà tí aláìsàn bá wá sí kíníìkì ni lẹ́tà gbọ́dọ̀ jáde. Ó ń lọ sọ́dọ̀ GP rẹ̀, ìyẹn dókítà àdúgbò rẹ̀, ẹ̀dà ń lọ sílé aláìsàn fúnra rẹ̀, bó bá sì jẹ́ ẹni tí dókítà ọkàn àti dókítà àtọ̀gbẹ náà ń bójú tó, àwọn yẹn á fẹ́ rí i pẹ̀lú. Nínú àdéhùn tí NHS, ètò ìlera ìjọba, ń bá àwọn ọsibítù ṣe ní England, ọjọ́ 7 ni lẹ́tà kíníìkì ní láti fi jáde, lẹ́tà ẹni tó kúrò ní wọ́ọ̀dù sì gbọ́dọ̀ jáde láàárín wákàtí 24. Àwọn tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu ni mò ń tọ́jú. Ẹnì kan nínú wọn lè ní àìsàn márùn-ún pa pọ̀, kó máa lo oògùn oríṣi méjìlá. Lẹ́tà irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sáré kọ.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní ẹ̀rọ AI, ọgbọ́n àtọwọ́dá, lè máa bá wa kọ ọ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń lò ó báyìí, mo sì fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí, pàápàá fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nílé àti lókè òkun, nítorí àwọn nǹkan kan wà níbẹ̀ tó kàn wá ju àwọn yòókù lọ.

ChatGPT, ẹ̀rọ AI tí èèyàn lè bá sọ̀rọ̀, jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, kò sì pẹ́ rárá tí àwọn dókítà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bóyá ó lè gba ẹrù lẹ́tà lórí àwọn. Nígbà tó di 2023, àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ní Swansea, ní ilẹ̀ Wales, gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet Digital Health. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ náà kọ lẹ́tà sí àwọn tó ní jẹjẹrẹ awọ ara. Lẹ́tà náà dára, ó ṣeé kà, ohùn tó fi bá èèyàn sọ̀rọ̀ sì tutù. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi ìwádìí náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp gbójú fò ni pé aláìsàn àfọkànrò ni gbogbo wọn. Kò sí ẹni gidi kankan tí wọ́n kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn dókítà tó kéré sí mi. AI ọ̀fẹ́ tó wà lórí fóònù yín, tí ẹ fi ń kọ ọ̀rọ̀ ìkíni ọjọ́ìbí, kì í ṣe ibi tí a ń kó àbájáde ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ sí.

Èyí tí ọsibítù wa rà yàtọ̀ sí ìyẹn. Inú kọ̀ǹpútà kíníìkì ló wà, ó ń gbọ́ ohun tí èmi àti aláìsàn ń bára wa sọ. Kí n tó tàn án, mo máa ń ṣàlàyé ohun tó jẹ́ àti ohun tó ń fi ohùn èèyàn ṣe, mo sì máa ń sọ pé ẹni tí kò bá fẹ́ lè ní òun ò fẹ́. Àwọn kan máa ń kọ̀, pàápàá àwọn tí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ò jẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀. Mi ò kì í bá wọn fà á, ọwọ́ ni mo fi ń kọ tiwọn. Bí a bá ti parí ọ̀rọ̀, kì í pẹ́ tí lẹ́tà odindi á fi wà lójú kọ̀ǹpútà. NHS England gbé ìlànà jáde lórí irú ẹ̀rọ báyìí ní oṣù kẹrin ọdún 2025: kí ọsibítù yẹ ààbò rẹ̀ wò kó tó gbé e wọlé, kí wọ́n mọ ibi tí ohùn aláìsàn ń gbà lọ, kí dókítà sì yẹ ohun tí ẹ̀rọ kọ wò kó tó di ìwé. Lọ́rọ̀ kan, ẹni tó fọwọ́ sí lẹ́tà ló ni lẹ́tà.

Mi ò ní purọ́, ìtura ni. Ojú aláìsàn ni mò ń wò báyìí, kì í ṣe ojú kọ̀ǹpútà. Ìdánwò kan tí Great Ormond Street Hospital ṣáájú rẹ̀ ní London, tí wọ́n fi àwọn aláìsàn tó lé ní 7,000 ṣe, fi hàn pé àkókò tí dókítà fi ń kọjú sí aláìsàn gan-an lé sí i ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Mo gbà wọ́n gbọ́, ó ń ṣojú mi. Ṣùgbọ́n àkókò tí mo rí gbà níwájú aláìsàn, mò ń san díẹ̀ padà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tó bá lọ tán, nítorí kíka lẹ́tà tí ẹlòmíràn kọ lórúkọ mi le ju kí n kọ ọ́ fúnra mi lọ. Bí mo bá ń kọ ọ́, mo mọ ohun tí mò ń rò. Bí mo bá ń ka ti ẹ̀rọ, gbólóhùn rẹ̀ gún régé débi pé ojú mi máa ń fẹ́ yọ̀ kọjá lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti màmá kan. Mo ti yí àwọn nǹkan díẹ̀ padà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀. Màmá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ti pẹ́ ní London. Agbára kíndìnrín rẹ̀ ti relẹ̀; eGFR rẹ̀, nọ́ńbà tí a fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí, wà ní 28. Ọkàn rẹ̀ kì í lù déédéé, nítorí náà ó ń lo apixaban kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má bàa dì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bá a wá, Gẹ̀ẹ́sì la sì fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, màmá wo orúkọ tó wà láyà mi.

“Ṣé ọmọ ilé wa ni yín, Dókítà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ó tán. Láti ìgbà náà lọ, àdàlù la ń sọ, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é: Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, Yorùbá díẹ̀, ká tún padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Mo bi í bóyá ó ń lo àgbo. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé rárá o, òun kì í ṣe ẹni tó ń mu àgbo. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá fi Yorùbá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ òun gbọ́: “Àfi ti ẹ̀yìn ríro yẹn, tí àbúrò mi ń fi ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú. Ìyẹn náà, ìgbà tó bá le ni.” Mo bi í nípa orí fífọ́ tó ń dà á láàmú nígbà tó wá kẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì ló tún fi dáhùn, ó ní kò sí wàhálà, Alábùkún ti yanjú ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ pariwo, “Mummy!” Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì rẹ́rìn-ín.

Lẹ́tà tí ẹ̀rọ kọ fún mi dára lójú. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tọ̀nà, eGFR tọ̀nà, orúkọ gbogbo oògùn tí dókítà kọ fún un pé, kò ṣi ẹyọ kan kọ nínú wọn. Lábẹ́ egbòogi, ó kọ ọ́ pé aláìsàn ní òun kì í lo egbòogi kankan. Lábẹ́ orí fífọ́, ó kọ ọ́ pé ó ti lọ.

Ẹ ò rí nǹkan bí? Gẹ̀ẹ́sì ni màmá fi sẹ́, Yorùbá ló fi jẹ́wọ́. Ẹ̀rọ gbọ́ èyí tó fi sẹ́. Ní ti Alábùkún, kò mọ nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó bá fò ó, ó mú “ti yanjú” tó kù, ó fi parí ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dàgbà nílé mọ̀ pé áspírìn àti kaféènì ló wà nínú ìyẹ̀fun náà. Jacob Odulate ló ṣe é jáde ní Abẹ́òkúta ní 1918, àwọn àgbà wa sì gbà pé oògùn gidi ni; oògùn gidi náà sì ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ẹni tó ń lo apixaban, tó tún ń da áspírìn, tí òun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, sẹ́nu láìjẹ́ kí dókítà mọ̀, inú rẹ̀ lè ṣẹ̀jẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Àgbo ẹ̀yìn ríro náà ńkọ́? Èmi ò mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn, màmá ò mọ̀, kíndìnrín tó ti dé 28 kò sì ní ibi tó máa gbé àdánwò sí. Ohun méjì tí mo tìtorí rẹ̀ jókòó ti màmá yẹn pẹ́, àwọn méjèèjì náà ni kò sí nínú lẹ́tà.

Mo kọ wọ́n sí i fúnra mi, mo pe GP rẹ̀ lórí fóònù, mo sì bẹ màmá pé kó kó ìgò náà wá nígbà míì. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà kò kúrò lọ́kàn mi. Bí ẹ̀rọ bá kọ ohun tí kò tọ̀nà, ojú lè rí i, ó ṣáà wà lórí ìwé. Èyí tí kò kọ rárá ńkọ́? Kí ni ojú máa rí? Bí mi ò bá jẹ́ ọmọ Yorùbá, tí mi ò gbọ́ ohun tí màmá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, lẹ́tà yẹn ì bá jáde bó ṣe wà, GP ì bá kà á, ì bá sì gbà pé ẹnì kan ti bi màmá léèrè àgbo tó sì ní òun kì í lò ó. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ burú ju èyí tí kò sọ̀rọ̀ nípa àgbo rárá lọ, nítorí ó ti pa ẹnu ẹni tó máa tún béèrè mọ́.

Kí ló dé tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rọ yìí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń gbọ́ ọ. Ó ń méfò ni. Ó ti gbọ́ ohùn rẹpẹtẹ, ó ti ka lẹ́tà rẹpẹtẹ, ó sì ń mú ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀ lé èyí tó ṣáájú. Ibi tí kò bá gbọ́ dáadáa, ó máa ń fi ohun tó sábà máa ń wà níbẹ̀ dí i. Ní 2024, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà àti ibòmíràn yẹ Whisper wò, ẹ̀rọ OpenAI, àwọn tó ṣe ChatGPT, tó ń sọ ohùn di ìwé, tí wọ́n fi ohùn wákàtí 680,000 kọ́. Wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ohùn tí wọ́n fún un, bí ẹyọ kan ló ní odindi gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Ohun tó mú mi dìde jókòó níbẹ̀ ni pé ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ti dákẹ́ pẹ́.

Kíníìkì sì kún fún ìdákẹ́. Mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àyà lé aláìsàn láyà, mo ní kó mí sínú, kò sẹ́ni tó ń sọ nǹkan kan. Mo tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, mò ń wo ibi tí ìka mi fi kòtò sílẹ̀ sí. Ẹ̀rọ ò rí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé lẹ́tà dókítà kíndìnrín sábà máa ń ní ìlà kan tó sọ pé àyà mọ́, ẹsẹ̀ kò wú. Mo ti rí lẹ́tà kan tó ní dókítà tẹ ẹsẹ̀ aláìsàn wò, kò wú. Orí fóònù ni wọ́n ti bára wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ wà ní Croydon, dókítà wà ní ọ́fíìsì.

Láti ìgbà náà, mo ń fẹnu sọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe. “Mò ń tẹ ẹsẹ̀ yín báyìí, sà. Ó wú dé ìsàlẹ̀ orúnkún, tọ̀tún ju tòsì lọ.” Ní àkọ́kọ́, ó ń ṣe mí bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn kan ti ń rí dókítà láti ọdún gbọọrọ, kò sí ẹni tó sọ ohun tó ń wá lára wọn fún wọn rí.

Ọ̀rọ̀ ohùn wa ńkọ́? Èdè wa kò ní “v” kò sì ní “z”, bẹ́ẹ̀ oògùn kún fún méjèèjì. Ẹlẹgbẹ́ mi kan, ọmọ Èkìtì, pe valsartan, oògùn ìfúnpá, ẹ̀rọ kọ losartan. Ẹbí kan náà ni oògùn méjèèjì, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ìwọ̀n wọn ló yàtọ̀, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti má kíyè sí i. Kì í ṣe ohùn wa nìkan náà ló ń fa irú èyí. MHRA, àwọn tó ń bójú tó oògùn ní Ìlú Ọba, ti kìlọ̀ ní 2018 nípa àwọn oògùn tí orúkọ wọn jọra, bíi propranolol àti prednisolone, nígbà tí AI kò tíì dé kíníìkì ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò sí àní-àní pé àwọn ẹ̀rọ yìí gbọ́ ohùn òyìnbó ju tiwa lọ. Dókítà Tobi Olatunji, ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí, wọ́n sì gbé AfriSpeech-200 jáde ní 2023: wákàtí 200 ohùn àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn 2,463 láti orílẹ̀-èdè 13, ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ 120, ọ̀rọ̀ ìṣègùn sì wà nínú rẹ̀ dáadáa. Ẹ fi wákàtí 200 yẹn sí ẹ̀gbẹ́ 680,000 tí mo dárúkọ lókè. Iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀. Ní tèmi, bí mo bá dé ibi oògùn, mi ò kì í sáré. Mo máa ń pe nọ́ńbà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: “one, five”, kì í ṣe “fifteen”, nítorí “fifteen” àti “fifty” ò jìnnà síra wọn lẹ́nu mi, wọ́n sì jìnnà gan-an nínú ikùn aláìsàn.

Ohun tó ti ràn mí lọ́wọ́ jù lọ kò sí nínú ẹ̀kọ́ tí ilé-iṣẹ́ tó ta ẹ̀rọ náà fún wa ṣe. Kí n tó ṣí lẹ́tà tí ẹ̀rọ kọ, mo máa ń kọ ìlà mẹ́ta sórí bébà: ohun tí mo pinnu, oògùn tí mo yí padà, àti ọ̀rọ̀ kan tí aláìsàn sọ tó bà mí lẹ́rù tàbí tó yà mí lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni mo máa ṣí tirẹ̀, tí mo sì máa wá ìlà mẹ́ta yẹn níbẹ̀. Bí mo bá kọ́kọ́ ka tirẹ̀, ohun tó kọ ni màá gbà pé ó ṣẹlẹ̀. Ọpọlọ mi á tẹ̀ lé e lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Èkejì ni pé kí aláìsàn tó dìde, mo máa ń sọ àkópọ̀ ọ̀rọ̀ wa sókè létí rẹ̀, ẹ̀rọ náà á sì máa gbọ́. “A ti gbà pé ẹ máa dín furosemide, oògùn tó ń lé omi jáde, kù sí ẹyọ kan láàárọ̀, ẹ máa tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ méjì òní.” Àwọn aláìsàn kì í dákẹ́ bí mo bá sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá ará Jàmáíkà kan dá mi dúró pé alẹ́ lòun ń lo oògùn náà, kì í ṣe àárọ̀, nítorí bọ́ọ̀sì lòun ń wà, òun ò sì lè máa dúró tọ̀ lójú ọ̀nà. Kò sí bí mo ṣe lè rí ìyẹn nínú fáìlì. Bí ẹnu mi àti ẹnu aláìsàn bá ti kò lórí ọ̀rọ̀ kan báyìí, ẹ̀rọ kì í sábà ṣì í kọ. Bó bá sì di pé Yorùbá pọ̀ nínú ọ̀rọ̀, mo máa ń pa á, kí n fọwọ́ tẹ ìyókù.

Ibì kan wà tí mo gbóṣùbà fún un láìṣiyèméjì: lẹ́tà tí a ń kọ sí aláìsàn fúnra rẹ̀. Ní 2018, Academy of Medical Royal Colleges, àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ dókítà ní Ìlú Ọba, ní kí àwa dókítà kíníìkì máa kọ lẹ́tà sí aláìsàn tààrà, kí ẹ̀dà sì lọ sọ́dọ̀ GP, dípò kí a máa sọ̀rọ̀ aláìsàn lẹ́yìn rẹ̀. Ó dára lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ wa ní èdè tí dókítà nìkan ń gbọ́, kò sì rọrùn láti bọ́ ọ sílẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ebi ń pa èèyàn. Ẹ̀rọ ń bọ́ ọ sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Ibi tí èmi ì bá ti kọ ọ̀rọ̀ tó gùn bí òpó, ó kọ ọ́ pé omi ń dúró sí ẹsẹ̀ yín nítorí kíndìnrín kò lé e jáde tó. Àwọn ọmọ aláìsàn ti sọ fún mi pé àwọn ka lẹ́tà sí ìyá àwọn létí, ó sì yé e.

Àmọ́ o, ó máa ń ṣojú àánú jù. Ọkùnrin kan wà tí mo sọ fún, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé ó ṣeé ṣe kó nílò ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ kí ọdún tó yí po, kó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyàwó rẹ̀ àti ibiṣẹ́ rẹ̀ sọ ọ́. A jókòó ti ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Lẹ́tà tí ẹ̀rọ kọ sí i ní a ó máa fojú sí kíndìnrín rẹ̀ lára. Ó parí síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ka lẹ́tà náà, títí kan ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ tó fẹ́ fi hàn, á rò pé kò sí nǹkan tó le. Àwa náà mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀lẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo, a kì í dédé já a lu èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ẹ̀lẹ̀ sọ ọ́ mọ ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀, ó sì máa ń rí i dájú pé ọ̀rọ̀ náà dé ibi tó ń lọ. Ẹ̀rọ kò mọ ọkùnrin náà rí. Mo yọ gbólóhùn yẹn kúrò, mo fi tèmi sí i.

Àwọn alákòóso kan ti ń wo iye tí wọ́n ń san fún àwọn akọ̀wé tó ń tẹ lẹ́tà wa, wọ́n sì ń rò ó pé ẹ̀rọ ti gbaṣẹ́ wọn. Àwọn akọ̀wé yẹn ni wọ́n ń pè wá pé, “Dókítà, oògùn yìí, ṣé ohun tí ẹ fẹ́ kọ nìyí?” Ẹ̀rọ kì í pe ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ṣe èmi ni, iṣẹ́ yíyẹ lẹ́tà wò ni màá fún wọn, màá sì fi owó lé e.

Ọ̀rọ̀ ilé ló kù. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù aládàáni kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Lọ́dọ̀ wọn, kì í ṣe lẹ́tà kíníìkì ló ń jẹ wọ́n níyà, lẹ́tà tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù ńlá ni. Gbogbo wa mọ irú rẹ̀: “Kindly see and expertly manage.” Ìlà kan, ìfọwọ́sí, ó parí. Ọ̀rẹ́ mi wá ní ọ̀nà ti là báyìí, òun ń fi AI orí fóònù kọ ọ́. Ó fi ọ̀kan hàn mí, ó ti pa orúkọ rẹ́ lórí rẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́ sí mi, ṣùgbọ́n kò pa á rẹ́ kó tó fi fún ẹ̀rọ. Mo sọ fún un pé òfin ààbò dátà ti 2023 ní Nàìjíríà ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ le mú, àti pé orúkọ nìkan kọ́ ló ń tú èèyàn fó. Ní ìlú kékeré, bí ẹ bá kọ ọ́ pé olórí ilé-ẹ̀kọ́ kan tó ń bọ̀ láti ọjà báyìí ló dákú, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ ọ́n.

Lẹ́tà náà gan-an kún ojú ìwé kan gbáko. Obìnrin tó lóyún ni, ìfúnpá rẹ̀ ga sókè, gìrì ti gbé e. Ìkíni wà níbẹ̀, ọpẹ́ wà níbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá àwọn tọ́jú rẹ̀ tọkàntọkàn wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gbà á ní ẹnu ọ̀nà yàrá pàjáwìrì kò ní rí bí wọ́n ti fún un ní magnesium sulphate, oògùn gìrì, àbí wọn ò tíì fún un. Kò lè rí i, nítorí ọ̀rẹ́ mi ò sọ fún ẹ̀rọ. Ìlà méjì ló fún un, ẹ̀rọ fẹ́ ìlà méjì náà di ojú ìwé kan.

Mo ní kó má sọ pé kó kọ lẹ́tà mọ́. Kó sọ ohun tó ń ṣe aláìsàn láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kó wá ní kí ẹ̀rọ béèrè ohun tí dókítà tó máa gbà á máa fẹ́ mọ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ béèrè pé oyún ti tó oṣù mélòó. Ìfúnpá mélòó nígbà tí ó dé, mélòó báyìí? Ìgbà mélòó ni gìrì gbé e? Magnesium sulphate mélòó, aago mélòó, inú iṣan ni àbí ìdí? Oògùn ìfúnpá wo ni ẹ fún un? Ó ń tọ̀? Ọmọ inú ńkọ́? Ta ló tẹ̀ lé e nínú ọkọ̀? Ìbéèrè tó dáa ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi yọ èyí tí kò wúlò kúrò, ó fi méjì sí i láti inú ìrírí tirẹ̀: ṣé ẹ ti pe ọsibítù náà, ta sì lẹ bá sọ̀rọ̀? Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá wà, wọ́n á fi ìdáhùn wọn fún ẹ̀rọ kó tò ó. Bí kò bá sí, tàbí tí wọ́n ti mú iná lọ, bírò ni wọ́n fi ń dáhùn wọn lórí bébà, ọkọ̀ á sì gbéra.